Kámẹ́rà Ńlá àti Ilé Ìlú Kékeré

Ní ọdún 1935 àti 1936, nígbà tí ọ̀dá owó dá gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìjọba rán àwọn ayàwòrán lọ sí ìgbèríko láti fi bí nǹkan ti rí fún àwọn tálákà hàn. Ọ̀kan nínú wọn ni Walker Evans. Bí ó ti ń la àwọn ìlú kéékèèké ti gúúsù kọjá, ní Alabama àti Mississippi, kì í ṣe ènìyàn nìkan ni ó ń yà. A máa dúró pẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù onípákó, ilé ìfìwéránṣẹ́ kékeré, àti ṣọ́ọ̀ṣì tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń hó, àfi bí ẹni tí ó dúró níwájú ọba.

Kámẹ́rà tí ó fi ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe èyí tí a lè há sí abíyá. Àpótí ni, tí ohun rírọ̀ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ so iwájú rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Awò wà níwájú, dígí tí kò mọ́ gaara wà lẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ sì jókòó lórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ayàwòrán a fi aṣọ dúdú bo orí bí ẹni wọ abẹ́ agọ̀ eégún, a sì máa wo dígí náà. Ohun tí yóò rí níbẹ̀ dorí kodò: òrùlé wà nísàlẹ̀, ilẹ̀ wà lókè, ọ̀tún sì di òsì. Èyí a máa dààmú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó ní àǹfààní tirẹ̀, nítorí olúwarẹ̀ kò ní máa rò pé ilé ni òun ń wò mọ́. Ìlà, òjìji àti ìmọ́lẹ̀ ni yóò máa rí.

Fíìmù rẹ̀ kì í ṣe èyí tí a ká jọ. Ewé kọ̀ọ̀kan ni, íǹṣì 8 ní ìbú, 10 ní gígùn. Ó tó ìlọ́po 60 fíìmù kékeré ti mìlímítà 35. Ìdí nìyí tí orí ìṣó fi ń hàn lára pákó, tí a sì ń ka lẹ́tà tí ó ti ṣá lára pátákó ṣọ́ọ̀bù. Ewé méjì péré ni àpò kan ń gbà. Ẹni tí ó gbé àpò mẹ́fà jáde láàárọ̀ mọ̀ pé àwòrán 12 ni òun ní, àfi bí ó bá rí ibi òkùnkùn tí yóò ti pààrọ̀ wọn. Kò ní fi wọ́n ṣòfò.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí kámẹ́rà yìí yẹ ilé yíyà jù lọ ni iwájú rẹ̀ tí ó lè gòkè, tí ó sì lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi kámẹ́rà kékeré ya ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ní ilé agogo gíga yóò gbé ojú ẹ̀rọ náà sókè kí orí ilé lè wọlé. Ní kété tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, fíìmù kò dọ́gba pẹ̀lú ògiri mọ́. Ògiri méjèèjì yóò máa fẹ̀gbẹ́ sún mọ́ ara wọn lókè, ilé tí ó dúró ṣinṣin yóò sì dà bí èyí tí ó fẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Oní-kámẹ́rà ńlá kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò fi ohun ìwọ̀n bí irú èyí tí àwọn bíríkìlà ń lò mú ẹ̀yìn ẹ̀rọ rẹ̀ dúró ṣánṣán, yóò sì ti awò nìkan sókè díẹ̀. Orí ilé agogo yóò yọ wọ inú dígí láti ìsàlẹ̀, ògiri yóò sì dúró bí káfíńtà ti gbé e ró. Bí ilé náà bá wọ́ nítòótọ́, wíwọ́ rẹ̀ ni a óò rí, kì í ṣe àṣìṣe ẹ̀rọ.

Kí ohun gbogbo lè hàn kedere láti ẹnu ọ̀nà dé igi ẹ̀yìnkùlé, a máa ń dín ojú awò kù gan-an, a sì máa ń ṣí i pẹ́. Ẹni tí ó bá ń kọjá lè di òjìji lásán. Oòrùn tí ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ni ó dára, nítorí òun ni ó ń fi ojú pákó hàn.

Lára àwọn ilé gúúsù wọ̀nyẹn ni èyí tóóró tí yàrá rẹ̀ tò tẹ̀ léra láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí wọ́n ń pè ní shotgun. Ọ̀mọ̀wé John Michael Vlach kọ ọ́ ní 1976 pé ilé oníyàrá méjì ti àwọn Yorùbá tí a kó lẹ́rú wà lára ìpìlẹ̀ rẹ̀, àti pé láti Haiti ni ó ti dé New Orleans. Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní 1936 kan náà ni a bí William Christenberry ní Tuscaloosa. Àgbègbè Hale, níbi tí Evans àti James Agee ti ṣiṣẹ́ lọ́dún náà fún ìwé tí ó jáde ní 1941, ni ilé àwọn òbí àgbà rẹ̀. Nígbà tí ó dàgbà tí ó sì rí ìwé náà, ibi tí ó mọ̀ ni ó bá níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti ń padà lọ ya àwọn ilé kan náà léraléra. Kámẹ́rà kékeré ni ó kọ́kọ́ lò, ní 1977 ó mú ti ńlá mọ́ ọn. Ní 1971 ó ya ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Sprott, tí ilé-ìṣọ́ méjì wà níwájú rẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n gé méjèèjì kúrò. Nínú àwòrán tí ó yà lẹ́yìn náà, òrùlé lásán ni ó kù.

Evans bá Christenberry padà sí àgbègbè Hale ní 1973, ó sì kú ní 1975. Fíìmù tí ó yà fún ìjọba wà ní ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ ní Washington títí di òní, ẹnikẹ́ni sì lè gba ẹ̀dà rẹ̀. Púpọ̀ nínú ilé tí ó wà nínú wọn ti wó, ṣùgbọ́n a ṣì lè ka iye pákó ara wọn.