Àwọ̀ Kan Náà, Àwọ̀ Ajọra àti Àwọ̀ Abáramu: Èdè-Ìperí fún Kíkun Ẹ̀yà Àfirọ́pò Alùpùpù

1. Ìfáárà

Bí mọ́gáàdì iwájú alùpùpù bá fọ́, ẹni tó ni ín kì í sábà rí èyí tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe alùpùpù náà ṣe. Ohun tó máa ń rí rà lọ́jà ni èyí tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe láti fi dípò rẹ̀. Irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yìí pè ní ẹ̀yà àfirọ́pò. Ó lè bá ojú ìdè mu rẹ́gí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í ní àwọ̀ alùpùpù tí a fẹ́ dè é mọ́: òmíràn dúdú, òmíràn rí bí eérú. Ó di dandan, nígbà náà, kí pẹ́ńtà kùn ún.

Ibẹ̀ ni èdèkòyédè ti ń bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà a ní, 'Mo fẹ́ kó bá ara alùpùpù mi mu.' Ẹni tó ń ta ọ̀dà a ní, 'Ọ̀kan náà ni wọ́n.' Pẹ́ńtà a ní, 'Wọ́n jọra.' Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè máa sọ òtítọ́, síbẹ̀ kí ohun tí wọ́n ń sọ má jẹ́ ọ̀kan. Bí iṣẹ́ bá parí, tí mọ́gáàdì náà sì yàtọ̀ gedegbe nínú oòrùn, ta ni yóò san owó àtúnkùn? Kókó iṣẹ́ yìí ni pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ, àti pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yẹ kó ní ọ̀rọ̀-ìperí tirẹ̀.

Nígbà tí apá kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní 1984, ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ló gbájú mọ́. Ìlànà tó fi lélẹ̀ wúlò fún iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú: kí a kọ́kọ́ wo ohun tí èdè ti ní, kí a tó dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀.

2. Ohun tí Èdè Yorùbá Ti Ní

Orúkọ àwọ̀ mẹ́ta ló jẹ́ ìpìlẹ̀ nínú èdè Yorùbá: funfun, pupa àti dúdú. Ìkáwọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀. A ń pe ẹ̀jẹ̀ ní pupa, a ń pe epo ní pupa, a sì ń pe ènìyàn tí àwọ̀ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní pupa. Pẹ́ńtà tó bá gbọ́ 'pupa' lásán kò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n èdè kò dúró síbẹ̀. Pupa fòò yàtọ̀ sí pupa rẹ́súrẹ́sú. Funfun báláú kì í ṣe funfun lásán. Dúdú kirikiri sì kọjá dúdú. Àwọn aláró náà ní ètò tiwọn: aṣọ tí a rẹ ní aró fẹ́ẹ́rẹ́ ni ayìnrín, èyí tí a rẹ léraléra títí ó fi jìn ni ẹtù. Aró kan náà ni. Iye ìgbà tí aṣọ wọ inú ìkòkò ló ya orúkọ wọn sọ́tọ̀.

Ní 1905, Albert Munsell, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ pé ohun mẹ́ta ni a fi ń ṣe àpèjúwe àwọ̀ dáadáa. Èkíní ni ẹbí tí àwọ̀ náà ti wá; ìran àwọ̀ ni a lè pè é. Èkejì ni bó ṣe súnmọ́ funfun tàbí dúdú tó. Ìmọ́ àwọ̀ yẹ ẹ́, nítorí pé Yorùbá ń sọ pé ilẹ̀ mọ́, ilẹ̀ sì ṣú. Ẹ̀kẹta ni bí àwọ̀ náà ṣe kún tàbí ṣe dà bí èyí tí a bomi là; ìkíkún àwọ̀ nìyẹn. Ayìnrín àti ẹtù lè jẹ́ ìran kan náà, ṣùgbọ́n ìmọ́ wọn kò dọ́gba. Fòò àti rẹ́súrẹ́sú ń tọ́ka sí ìkíkún. Ìmọ̀ náà ti wà nínú èdè. Orúkọ fún ìmọ̀ náà ni kò tíì sí.

3. Àwọ̀ Kan Náà

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ alùpùpù máa ń fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àmì onílẹ́tà tàbí onínọ́ńbà. A lè rí i lára ìwé pélébé tí a lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìjókòó, tàbí nínú ìwé ìlò. Àmì àwọ̀ ni èyí. Òun ni apòdà ń tẹ̀ lé láti wọn èròjà kọ̀ọ̀kan sínú agolo. Ọ̀dà méjì tí àmì wọn jẹ́ ọ̀kan ni ó tọ́ kí a sọ pé wọ́n jẹ́ àwọ̀ kan náà.

Àmọ́ àmì àwọ̀ ń sọ bí alùpùpù ṣe rí ní ọjọ́ tó kúrò nílé-iṣẹ́ ni. Oòrùn ti pa á láti ìgbà náà, àwọ̀ rẹ̀ sì ti ṣá. Bí ọ̀dà ìpìlẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bá dúdú, àwọ̀ tí kò bo nǹkan dáadáa, bí i pupa àti ìyeyè kan, yóò ṣókùnkùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀dà eléèérún, èyí tí èérún àlùmíníọ̀mù ń tàn nínú rẹ̀, tún ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí a bá fín in ní tútù, ó máa ń ṣókùnkùn, bí a bá fín in ní gbígbẹ, ó máa ń mọ́lẹ̀ sí i, nítorí pé èérún náà kò sùn bákan náà. Pẹ́ńtà méjì lè fi agolo kan ṣoṣo kun mọ́gáàdì méjì kí wọ́n má bára mu.

4. Àwọ̀ Ajọra

Àwọ̀ kì í ṣe ohun tó wà lára nǹkan nìkan. Ìmọ́lẹ̀ tó ta sí nǹkan náà, bí nǹkan náà ṣe dá ìgbì ìmọ́lẹ̀ padà, àti ojú tó ń wò ó, ni wọ́n jọ ń ṣe é. Nítorí pé oríṣi agbàwọ̀ mẹ́ta péré ló wà nínú ojú ènìyàn, àpòpọ̀ èròjà méjì tó yàtọ̀ lè tan ojú jẹ lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan, kí wọ́n rí bí ìbejì, kí wọ́n sì yapa lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ mìíràn. Pẹ́ńtà tó fi ojú lásán po ọ̀dà lábẹ́ iná mànàmáná sábà máa ń bọ́ sínú páńpẹ́ yìí. Àwọ̀ ajọra ni orúkọ tó yẹ wọ́n: jíjọ kì í ṣe jíjẹ́.

5. Àwọ̀ Abáramu

Àwọ̀ abáramu ni ti ẹ̀yà tí kò yàtọ̀ sí ara alùpùpù bó ṣe wà lónìí, nínú oòrùn, níbi òjìji àti lábẹ́ iná, bí a wò ó níwájú tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òun ni oníbàárà ń béèrè. Ọ̀nà sí i ni páálí àyẹ̀wò. Pẹ́ńtà yóò fín ọ̀dà ìpìlẹ̀, ọ̀dà aláwọ̀ àti ọ̀dà aláìláwọ̀ sára páálí náà, gẹ́gẹ́ bí yóò ṣe fín wọn sára mọ́gáàdì gan-an. Bí kò bá fi ọ̀dà aláìláwọ̀ parí rẹ̀, àyẹ̀wò náà kò pé, torí pé ìpele ìkẹyìn yìí máa ń mú kí àwọ̀ jìn sí i.

Ẹ̀rọ ìwọn-àwọ̀ wà pẹ̀lú, tó ń wọn bí nǹkan ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Àjọ CIE, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ lágbàáyé, fi ìlànà ìwọ̀n àwọ̀ lélẹ̀ ní 1931; ètò CIELAB, tó ń fi nọ́ńbà sọ bí àwọ̀ méjì ṣe jìnnà síra, dé ní 1976.

6. Èdè Inú Ṣọ́ọ̀bù

Ọ̀rọ̀ tí kò bá bá iṣẹ́ rìn kò ní pẹ́ láyé. Mọ́gáàdì fáíbà sábà máa ń ní òróró tí kì í jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ohun tí a fi mọ ọ́n. A gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ kúrò kí a tó fi sáńpépà họ ọ́. Sáńpépà 400 tó ṣáájú ọ̀dà ìpìlẹ̀. 800 tó ṣáájú ọ̀dà aláwọ̀. Fún ọ̀dà tí afẹ́fẹ́ ń gbé jáde, 'fín' tọ́ ju 'kùn' lọ: kùn ni ọ̀rọ̀ gbogbogbòò, fín sì ni ohun tí alágbẹ̀dẹ ń fi ẹwìrì ṣe sí iná.

Ọ̀rọ̀ kan nílò ìṣọ́ra. Èyí tí àwọn pẹ́ńtà ń pè ní hádínà, tí a ń pò mọ́ ọ̀dà aláìláwọ̀ kó lè le, sábà máa ń ní áísósáyánéètì nínú. Ìkùukùu rẹ̀ lè fa ikọ́ fée, ẹni tí ara rẹ̀ bá sì ti kọ̀ ọ́, díẹ̀ bíńtín lè dá a dùbúlẹ̀. Aṣọ tí a so mọ́ imú kò lè dí i. Bí ògbufọ̀ bá pè é ní 'amúle' nìkan, ó ti sọ iṣẹ́ rẹ̀, kò sọ ewu rẹ̀. 'Amúle olóró' ni a dábàá, kí ọmọ iṣẹ́ lè gbọ́ ìkìlọ̀ nínú orúkọ.

7. Àkójọ Ọ̀rọ̀-Ìperí

Ẹ̀yà àfirọ́pò: ẹ̀yà tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe dípò ti àtilẹ̀wá.
Àmì àwọ̀: lẹ́tà tàbí nọ́ńbà tí a fi dá àwọ̀ mọ̀.
Àwọ̀ kan náà: èyí tí àmì wọn jẹ́ ọ̀kan.
Àwọ̀ ajọra: èyí tó bára mu lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan, tó yapa lábẹ́ òmíràn.
Àwọ̀ abáramu: èyí tí kò yapa níbikíbi tí a bá ti wò ó.
Ọ̀dà eléèérún: ọ̀dà tó ní èérún irin títàn.
Ọ̀dà aláìláwọ̀: ọ̀dà ìkẹyìn tí a ń rí àwọ̀ abẹ́ rẹ̀ kedere.
Amúle olóró: èròjà tó ń mú ọ̀dà le, tí èémí rẹ̀ léwu.

8. Ìkádìí

Bí olùkọ́ bá fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta àkọ́lé yìí kọ́ ọmọ iṣẹ́, tí ògbufọ̀ sì fi wọ́n túmọ̀ ìwé ìlò, oníbàárà yóò lè sọ fún pẹ́ńtà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pé: 'Fi àwọ̀ kan náà bẹ̀rẹ̀, ṣọ́ra fún àwọ̀ ajọra, kí o sì fi àwọ̀ abáramu hàn mí lórí páálí kí o tó fín mọ́gáàdì.' Ẹjọ́ owó àtúnkùn yóò ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀.