Ẹ̀yà Ẹ̀rọ Kan tí a Pààrọ̀ ní Àpáta

Ẹni tí ó bá ti Dùgbẹ̀ gba ọ̀nà Abẹ́òkúta yóò kan Àpáta kí ó tó jáde kúrò ní Ìbàdàn. Àdúgbò iṣẹ́ ni ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Oko ìwádìí ìjọba tí a ń pè ní Moor Plantation wà nítòsí rẹ̀. Ojú irin tí ọkọ̀ rẹ̀ wọ Ìbàdàn ní ọdún 1901 gba ìhà ibẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ náà sì ni a kọ́ àgọ́ epo bẹntiróòlù ńlá sí, tí a ri ọ̀pá abẹ́ ilẹ̀ láti fi gbé epo wá sí láti Mosimi. Níbi tí iṣẹ́ bá pọ̀ sí, ẹ̀rọ kò ní ṣàìbàjẹ́; níbi tí ẹ̀rọ bá sì ti ń bàjẹ́, àwọn agbẹ́rin kì í jìnnà.

Ní ìgbà àtijọ́, ọwọ́ ni agbẹ́rin fi ń darí iṣẹ́ rẹ̀. Irin a máa yí, òun a sì máa fi ọwọ́ yí ọ̀bẹ súnmọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Ní ọdún 1952, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, a fi ẹ̀rọ kan han àwọn ènìyàn tí ó ń gbẹ́ irin nípa kíka ihò tí a lu sára ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tí ó ṣe, kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ ọ̀já náà, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni a sì ń pè ní CNC lónìí.

Kọ̀ǹpútà inú CNC ni ó mọ ibi tí ọ̀bẹ yóò gbà, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́. Gẹ́gẹ́ bí baálé ilé tí í pàṣẹ ìrìn àjò ti nílò ẹni tí yóò wò bí a ti ilẹ̀kùn, bí omi wà nínú ìkòkò, tàbí bí iná ti kú, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí nílò alábòójútó. PLC ni orúkọ alábòójútó náà. Òun ni í mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn ẹ̀rọ tì, bóyá epo ń dé ibi tí ó yẹ, bóyá irin dì mú ṣinṣin. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá pé, kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, a máa bi gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí léèrè lọ́pọ̀ ìgbà.

Kí ó tó dé, àwọn súìṣì oníná kéékèèké tí a fi wáyà so pọ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ yí ìṣesí ẹ̀rọ padà, àfi kí a tú wáyà kí a tún un so. Ní ọdún 1968, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ General Motors wá ohun tí yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ wàhálà yìí. Dick Morley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bedford Associates ṣe ọ̀kan tí a ń pè ní Modicon 084, nítorí pé òun ni iṣẹ́ kẹrìnlélọ́gọ́rin tí wọ́n dáwọ́ lé. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ tí a kọ sínú ìrántí ẹ̀rọ ni a ń yí padà, kì í ṣe wáyà.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó báyìí pé ọ̀gá agbẹ́rin kan wà ní Àpáta, tí ó ra CNC tòkunbọ̀ kan. Àwọn obìnrin tí ń ṣe gàrí ní Ọ̀mì-Àdìó ti bẹ̀ ẹ́ ní ọgọ́ta ọ̀pá irin fún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ni àdéhùn. Owó àsansílẹ̀ ti wọlé, ó sì ti tán lórí irin. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, iná ìjọba lọ, ó sì padà dé lẹ́yìn wákàtí kan. Ọ̀gá tan ẹ̀rọ, ó gbẹ́ ọ̀pá kan. Ó gbé èkejì sí i; bí omi tí ń tu irin lára ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde, ẹ̀rọ dúró gbọnrangandan. Àkọlé yọ lójú rẹ̀ pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn sì tì.

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tutù. Ó ní, “Ọ̀gá, iná yìí ni ó ba ọpọlọ ẹ̀rọ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a pa á, kí n tú ọpọlọ náà, kí n sáré gbé e lọ sí Èkó lọ wá irú rẹ̀.”

Ọ̀gá dáhùn pé, “Ta ni ó sọ fún ọ pé ọpọlọ ni? Má fọwọ́ kan súìṣì yẹn.”

Ó yẹ kí a mọ̀ pé PLC kì í sábà jẹ́ odindi kan. Ẹ̀yà kan ń pèsè iná fún àwọn yòókù. Ẹ̀yà kan ni ọpọlọ tí ìrántí wà nínú rẹ̀. Òmíràn ń gba ìròyìn wọlé, òmíràn sì ń gbé àṣẹ jáde. Ẹ̀yà tí ń gba ìròyìn nínú ẹ̀rọ yìí ní ihò wáyà mẹ́rìndínlógún, iná wínníwínní kan sì wà fún ihò kọ̀ọ̀kan. Wáyà ilẹ̀kùn wọ ihò karùn-ún. Bí ilẹ̀kùn bá tì, iná fóòtì 24 yóò gba inú wáyà náà dé, iná karùn-ún yóò sì tàn.

Ọ̀gá gbé mítà rẹ̀, ó fi kan ẹnu ihò náà. Fóòtì 24 pé, ṣùgbọ́n iná kò tàn. Ó ṣí ilẹ̀kùn, mítà lọ sí òdo. Ó tì í, 24 padà dé. Ìròyìn ń dé ẹnu ọ̀nà, kò sí ẹni tí yóò gbà á wọlé. Bí mítà kò bá rí nǹkan kan níbẹ̀, súìṣì ilẹ̀kùn tàbí wáyà ni ìbá jẹ̀bi. Nísinsìnyí, ẹ̀yà tí ń gba ìròyìn ni; ọpọlọ kò mọ nǹkan kan nínú ọ̀ràn náà. Iye tí a ó fi ra ọpọlọ kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ iye tí a ó fi ra ẹ̀yà yìí.

Kí a tó lè yọ ẹ̀yà, dandan ni kí a pa iná. Ìdí nìyí tí ọ̀gá fi kọ́kọ́ kìlọ̀ nípa súìṣì. Lára ọpọlọ, iná pupa kan ti ń ṣẹ́jú láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò sì kà á sí. Iná bátìrì ni. Nínú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ àtijọ́ bẹ́ẹ̀, bátìrì kékeré kan ni ó ń di ìrántí mú nígbà tí iná kò bá sí. Bí bátìrì bá kú, tí a sì pa iná, gbogbo ohun tí ẹ̀rọ mọ̀ yóò parẹ́. Ẹni tí ó ta ẹ̀rọ tòkunbọ̀ fún ni kò kó ìwé rẹ̀ wá. Ta ni yóò tún un kọ́?

Nítorí náà, ọ̀gá so kọ̀ǹpútà alágbèéká mọ́ ẹ̀rọ, ó da gbogbo ètò inú rẹ̀ kọ sí i. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ fi ọwọ́ kọ àwọn nọ́ńbà ìdíwọ̀n sínú ìwé pẹ̀lú, èyí tí ọmọ náà kùn lé lórí. Lẹ́yìn èyí, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, nítorí ta ni ó lè fi ìrántí ẹ̀rọ lé iná ìjọba lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú tí bátìrì kò sí nílé? Ọ̀gá pààrọ̀ bátìrì náà nígbà tí iná ṣì wà lára ẹ̀rọ, iná pupa sì kú. Ìgbà yìí ni ó tó pa iná, tí ó fi àgádágodo ti súìṣì ńlá, tí ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Wọ́n dúró fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí pé àwọn ẹ̀yà tí ń wa mọ́tò ẹ̀rọ a máa fi iná pamọ́ sínú lẹ́yìn tí a ti pa á, iná náà sì tó pa ènìyàn.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀yà tuntun dé. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ni ọ̀gá fi wé ti àtijọ́, kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀, nítorí ẹ̀yà méjì lè jọra bí ìbejì kí ọ̀kan máa gba fóòtì 24, kí èkejì máa gba 110. Ó fi ọwọ́ kan irin ilẹ̀ kí ó tó dì í mú. Iná tí ara ènìyàn ń kó jọ, irú èyí tí í ta pá-pá nígbà tí a bá bọ́ aṣọ onínáílọ́ọ̀nù nínú ọyẹ́, lè ba ohun tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ láìjẹ́ pé ẹni tí ó dì í mú mọ̀ ọ́n lára.

Ọmọ iṣẹ́ na ọwọ́ pé kí a kì í bọ àyè rẹ̀. Ọ̀gá ní, “Dúró ná. Kí ni ó pa ti àkọ́kọ́?”

“Iná ìjọba ni, ẹ̀yin náà rí i.”

“Iná ìjọba ìbá pa ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ó kú.”

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Wọ́n tọ wáyà ilẹ̀kùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Níbi tí ilẹ̀kùn ti ń ká, wáyà náà àti ti mọ́tò omi jọ gba inú rọ́bà kan, ìṣípàdé ojoojúmọ́ sì ti họ ara àwọn méjèèjì. Nígbàkígbà tí mọ́tò omi bá ṣiṣẹ́, tí ìhòòhò kan bá kan èkejì, fóòtì 220 yóò wọ ihò tí a ṣe fún 24. Bí wọ́n bá ki ẹ̀yà tuntun bọ̀ ọ́ báyìí, kò ní gbẹ́ ju ọ̀pá méjì lọ kí ó tó tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Wọ́n yí wáyà méjèèjì padà, wọ́n sì ya ọ̀nà wọn sọ́tọ̀. Ẹ̀yà tuntun wọlé, wọ́n tan iná. Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn. Iná karùn-ún tàn. Kò tíì gbé irin sí i. Ó jẹ́ kí ọ̀bẹ rìn nínú afẹ́fẹ́ ní ìrìn ìgbín, ọwọ́ rẹ̀ lórí bọ́tìnnì pupa. Ó ṣí ilẹ̀kùn lójijì láti dán an wò, ẹ̀rọ sì dúró bí ó ti yẹ. Ó tó ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí ọ̀pá kejì tó jáde. Ọmọ iṣẹ́ wọ̀n ọ́n, ó pé. Ó mú kálámù, ó kọ ọjọ́ sára ẹ̀yà àtijọ́, ó kọ “ihò karùn-ún kú, àwọn yòókù yè” sábẹ́ rẹ̀, ó sì gbé e sórí pẹpẹ.