ORÓGBÓ Ń TÁN LỌ NÍNÚ IGBÓ

 

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí orógbó. Òun la fi ń wúre pé kí ọmọ gbó, kó tọ́. Òun náà la tà tí a fi sanwó ilé ìwé ọmọ. Ṣùgbọ́n igi rẹ̀ ń dín kù. Láti ọdún 2004 ni àjọ àgbáyé tó ń jẹ́ IUCN ti kọ ọ́ mọ́ àwọn igi tó wà nínú ewu.

Kí ló fà á? Wọ́n ń gé igbó. Wọ́n ń wú gbòǹgbò rẹ̀ fún orin. Wọ́n ń bó èèpo rẹ̀ fún àgbo àti fún ẹmu. Ká má tan ara wa o, àwa ọlọ́jà la ń rà á. Ẹni tó bá gbé èèpo wá, iye owó nìkan là ń bi í, a kì í bi í bó ṣe bó o.

Ẹ gbọ́ ohun tó ń pa igi. Oúnjẹ tí ewé ń ṣe, abẹ́ èèpo ló ń gbà sọ̀kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò. Bí wọ́n bá bó èèpo yí igi ká, ebi á pa gbòǹgbò, igi á kú. Igi tí ì bá máa so lọ́dọọdún, a ti fi ṣe owó ọjọ́ kan.

Ohun tí a lè ṣe nìyí:

1. Kí á má ra gbòǹgbò orógbó mọ́. Orin mìíràn pọ̀ lọ́jà.

2. Kí á sọ fún àwọn tó ń bó èèpo pé ẹ̀gbẹ́ kan ni kí wọ́n ti bó díẹ̀, kí wọ́n má bó o yíká.

3. Kí á gbìn ín. Èyí tó ṣì tutù ni kí ẹ gbìn, kì í ṣe èyí tó ti gbẹ lórí igbá. Ó lè ju oṣù 6 lọ kó tó hù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bó awọ rẹ̀, á tètè hù. Ibòòji ló fẹ́ nígbà tó bá kéré, bí abẹ́ kòkó.

Ó lè tó ọdún 10 kó tó so. Ẹlòmíràn á ní, "Ìgbà wo ni mo fẹ́ jẹ ẹ́?" Ìyá wa, èyí tí ẹ ń tà lónìí, ṣé ẹ̀yin lẹ gbìn ín?

Orógbó á gbó wa o. Àṣẹ.