Ọ̀bẹ Tí Ó Wà Nínú Àpò: Ẹ̀kọ́ Lórí Ọdẹ Ṣíṣe àti Ìtọ́jú Ẹran Ìgbẹ́

Gbogbo ọpẹ́ ti Allāhu ni, Ọba tí ó dá ẹranko sínú igbó, tí ó sì ṣe èyí tí ó dára nínú wọn ní ẹ̀tọ́ fún wa. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, a ń gba ara wa níyànjú, a sì ń gba ẹ̀yin náà níyànjú, pé kí a páyà Ọlọ́hun nínú ohun tí ó ń wọ ikùn wa.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ yìí wá bá wa lẹ́yìn ìrun Subhi. Ó ti ṣọdẹ lóru ní ìhà ọ̀nà Ìmẹ̀sí-Ilé, ó sì yìnbọn fún àgbọ̀nrín kan. Ọta bà á ní itan, ẹran náà ṣubú, ṣùgbọ́n kò kú. Ó ń mí, ó ń gbé orí sókè, ó fẹ́ dìde. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá ọ̀bẹ ní ìbàdí rẹ̀, kò rí i. Ọ̀bẹ wà nínú àpò, àpò sì wà lórí ọ̀kadà tí ó gbé sí ẹ̀bá ọ̀nà. Kí ó tó sáré lọ kí ó tó sáré bọ̀, ẹran ti kú. Ó ní, “Àáfà, mo ṣe bisimilláhì kí n tó yìnbọn. Ṣé ó ṣeé jẹ?”

A mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn ìbéèrè yẹn. Owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ni ó fẹ́ fi ẹran náà san, oníbàárà sì ti ń dúró dè é ní Iléṣà. Síbẹ̀ a sọ fún un pé kò ṣeé jẹ, kò sì ṣeé tà, nítorí ohun tí Ọlọ́hun bá ṣe ní èèwọ̀, owó rẹ̀ náà èèwọ̀ ni. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Nítorí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ yẹn ni a ṣe yan ọ̀rọ̀ yìí fún ọjọ́ Jímọ̀ òní, kí ẹlòmíràn má baà pàdánù bí ó ti pàdánù.

Ẹ jẹ́ kí á mọ ìdí rẹ̀. Khalīl ọmọ Ishāq, tí àwọn àáfà wa ń ka Mukhtasar rẹ̀, sọ̀rọ̀ nípa ọ̀bẹ gan-an. Ó ka ẹran tí ọdẹ bá láàyè, ṣùgbọ́n tí ó kú nítorí pé ọdẹ fi ohun ìdúńbú rẹ̀ sí ọwọ́ ẹlòmíràn tàbí sínú àpò ẹrù, mọ́ èyí tí a kì í jẹ. Ẹ̀tọ́ tí a ní láti fi ìbọn tàbí ọfà pa ẹran jẹ́ ìrọ̀rùn fún ẹran tí ọwọ́ kò lè tó. Nígbà tí ọwọ́ bá ti tó o tí ẹ̀mí sì wà nínú rẹ̀, ó ti di bí ewúrẹ́ ilé: ọ̀fun àti iṣan ọrùn méjèèjì ni a gbọ́dọ̀ gé. Bí ó bá jẹ́ pé ọta ti ya ọkàn tàbí ìfun rẹ̀, tí ó kàn ń jà fitafita ikú, kò sí ohun tí ó ṣe é bí kò tilẹ̀ sí ọ̀bẹ. Ọta náà ti ṣe iṣẹ́ ọ̀bẹ. Ti ọ̀dọ́mọkùnrin wa, itan ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọdẹ, nílé ni ẹran ti ń di ẹ̀tọ́ tàbí èèwọ̀. Kí ọ̀bẹ mú, kí ó sì wà lára yín. Ànábì pàṣẹ pé kí ẹni tí yóò dúńbú pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀, kí ó sì fún ẹran ní ìsinmi. Hádíìsì Shaddād ọmọ Aws ni èyí, Muslim ni ó sì gbà á wá. Kí ọdẹ dárúkọ Ọlọ́hun nígbà tí ó bá fẹ́ yìnbọn tàbí nígbà tí ó bá fẹ́ dá ajá sílẹ̀, kì í ṣe nígbà tí ẹran bá ti ṣubú. Ẹni tí ó bá gbàgbé, ní ìlànà Máàlíkí, kò bàjẹ́ fún un. Ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀, kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Ẹni tí ó sì dárúkọ Ògún sí i, ẹ̀yin náà ti mọ èsì rẹ̀. A mọ̀ pé ó ṣòro nígbà tí ẹgbẹ́ ọdẹ bá pé jọ, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí lè ṣe ojúṣe ẹgbẹ́ láìfi ẹnu kan ẹbọ.

Àwọn kan máa ń béèrè bóyá ẹran tí ìbọn pa kì í ṣe ẹran tí a lù pa. Ìbéèrè náà ti pẹ́. Adiyy ọmọ Hātim, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọdẹ, bi Ànábì léèrè nípa ọ̀pá ìjù. Èsì tí ó gbà ni pé kí ó jẹ èyí tí ẹnu mímú ọ̀pá bá gún, kí ó fi èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá lù pa sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀tù ìbọn wá dé ilẹ̀ Mùsùlùmí, àwọn onímọ̀ yapa. Ibn Ābidīn ti Damascus, nínú ìlànà Hanafī, rí i pé jíjó àti agbára ìjù ni ọta fi ń pa ẹran. Ṣùgbọ́n Ad-Dasūqī, onímọ̀ Máàlíkí ti Íjíbítì tí ó kú ní ọdún 1815, mẹ́nu ba àwọn onímọ̀ Fẹ́ẹ̀sì, bíi Al-Qawrī àti Ibn Ghāzī, tí wọ́n gbà á láàyè, nítorí pé ọta ń ya ara, ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ jáde kíákíá. Lórí èyí ni a wà. Òkúta tí àwọn ọmọ wa fi rọ́bà ta ẹyẹ kò sí nínú èyí: òkúta kì í ya ara, lílù ni ó ń lu. Bí ẹyẹ bá kú kí wọ́n tó dúńbú rẹ̀, kí wọ́n má ṣe sun ún.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí pańpẹ́, nítorí pé àwọn tí ń dẹ ẹ́ láàrin wa pọ̀ ju àwọn tí ń yìnbọn lọ. Àgbẹ̀ kan a dẹ okùn sí ẹ̀bá oko kókó, ẹlòmíràn a gbé tàkúté sí ojú ọ̀nà ọ̀yà. Ẹ wo ẹsẹ kẹta nínú Sūratul-Māʾidah. Ó ka ẹran tí a fún lọ́rùn pa, ó ka èyí tí a lù pa, ó ka èyí tí ó já ṣubú kú, ó sì ka èyí tí ẹranko mìíràn jẹ kù. Ó dà bí ẹni pé a ń ka pańpẹ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: okùn ni ó ń fún ẹran lọ́rùn, ẹbìtì ni ó ń lù ú pa, ọ̀fìn ni ó ń ṣubú sí, bí ó bá sì pẹ́ níbẹ̀, ẹranko mìíràn yóò wá jẹ nínú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí āyah náà yọ sílẹ̀ ni èyí tí a bá bá láàyè tí a sì dúńbú. Pańpẹ́ lè mú ẹran fún wa. Kò lè pa á fún wa.

Ibn Abī Zayd al-Qayrawānī, nínú Rísálà tí púpọ̀ nínú wa kọ́ ní ilé-kéwú, tún fi kún un pé bí ìyà pańpẹ́ bá ti dé ibi tí ẹran náà kò lè yè mọ́, dídúńbú rẹ̀ kò ní ṣe é ní àǹfààní. Ẹni tí ó bá dẹ pańpẹ́ ní ọjọ́ Ajé tí kò padà débẹ̀ títí di Ọjọ́bọ̀ ti dẹ pańpẹ́ fún ìdin. Ó sì ti fi ìyà jẹ ẹ̀dá Ọlọ́hun fún ọjọ́ mẹ́ta, èyí tí òun náà yóò jíhìn rẹ̀. Ẹ máa lọ wò ó ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí kò bá ní àyè fún un, kí ó tú okùn rẹ̀.

Ẹran tí a yìnbọn fún tí ó sì sá lọ ńkọ́? Bí a bá tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí a rí i kí ilẹ̀ tó ṣú, tí a kò rí ohun mìíràn tí ó pa á, kí a jẹ ẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́ kí a tó rí i, Rísálà gbé ọ̀rọ̀ méjì kalẹ̀. Èkínní ni pé kí a fi í sílẹ̀. Èkejì ni pé ti ajá ni èyí, pé bí ó bá jẹ́ ọfà tí a sì bá a ní ojú ibi tí ẹ̀mí wà, kò burú. Àwa gba ọdẹ nímọ̀ràn kí ó mú èkínní. Èyí tí ó bá ṣubú sínú omi, Ànábì kọ̀ ọ́ fún Adiyy, nítorí pé a kò mọ̀ bóyá omi ni ó pa á tàbí ọfà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó wúwo ju ti ẹran lọ. Ọdẹ òru a rí ojú tí ń dán nínú igbó, a yìnbọn, a sì bá ènìyàn nílẹ̀. Sūratun-Nisāʾ, ẹsẹ 92, sọ ohun tí ó tẹ̀lé ẹni tí ó ṣèèṣì pa onígbàgbọ́: owó ẹ̀jẹ̀ fún àwọn ẹbí rẹ̀ àyàfi bí wọ́n bá yọ̀ǹda rẹ̀, àti bíbọ́ ẹrú sílẹ̀. Ẹni tí kò bá rí ẹrú, ààwẹ̀ oṣù méjì gbáko láìdá a dúró ni yóò gbà. Ìdí nìyí tí ètò fi ṣe pàtàkì. Kí ọdẹ sọ fún ará ilé rẹ̀ àti àwọn ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ìhà tí òun ń lọ. Bí ẹni méjì bá jọ lọ, kí wọ́n pín igbó, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kúrò ní ipò rẹ̀ láìfọhùn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yìnbọn sí ojú tí ń dán bí kò bá tíì rí ara tí ó ni ojú náà. Ẹran yóò tún wá ní ọ̀la.

Àwọn tí ń sun igbó ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kí ọ̀yà lè sá jáde, ẹ gbọ́: iná kì í mọ ààlà oko. Kókó tí ẹlòmíràn fi ogún ọdún tọ́jú lè jóná ní ọ̀sán kan, ẹni tí ó dá iná ni yóò sì san án. Bákan náà ni àwọn tí ń fi májèlé bíi gamalín sínú oúnjẹ tàbí omi kí ẹran lè kú. Ẹran náà òkúǹbete ni, májèlé sì tún ni fún ẹni tí ó bá rà á.

Nígbà tí ẹran bá ti kú ní ọ̀nà ẹ̀tọ́, iṣẹ́ kò tíì tán. Oòrùn ilẹ̀ wa kì í fi ààyè sílẹ̀. Kí a la ikùn rẹ̀ kíákíá, kí a kó ìfun jáde láìbẹ́ ẹ, kí òróòro má ṣe tú sí ara ẹran. Kí a gé ibi tí ọta wọ̀ kúrò ní fífẹ̀, nítorí pé òjé ni ọta púpọ̀, òjé kan náà tí ó pa ọ̀pọ̀ ọmọdé ní Ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010 láti ara ìwakùsà. Ọmọ tí a bá bá nínú ẹran abo, bí ó bá ti pé tí irun sì ti hù lára rẹ̀, pípa ìyá rẹ̀ ni pípa tirẹ̀, bí ó bá ti kú kí a tó yọ ọ́.

Ẹni tí ó ní ojú ọgbẹ́ ní ọwọ́ kí ó má ṣe kun ẹran, tàbí kí ó wọ ìbọ̀wọ́. Ẹran tí a bá bá ní òkú, pàápàá èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní imú àti ìdí rẹ̀, ẹ má ṣe là á, ẹ má sì gbé e. Ní oṣù Keje ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn anthrax ti wọ Ìpínlẹ̀ Niger, lẹ́yìn tí ó ti ṣọṣẹ́ ní Gánà. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969 ní ìlú Lassa ní Borno, ń yọ àwọn ará Oǹdó tí wọ́n múlé gbè wá lẹ́nu ní ọdọọdún. Eku ni ó ń gbé e kiri. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ sè é kí ó jinná dé egungun.

Ẹ̀yin tí ń rà á lójú títì, ẹ béèrè. Ìmàdò tí a ti sun tí a sì ti gé wẹ́wẹ́ kò yàtọ̀ sí àgbọ̀nrín lójú. Ẹran tí Mùsùlùmí tí a kò mọ bí ó ti pa á gbé wá, Ànábì dá irú rẹ̀ láre nígbà tí wọ́n bi í nípa àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀sìn: ó ní kí àwọn tí yóò jẹ ẹ́ dárúkọ Ọlọ́hun sí i, kí wọ́n sì jẹ. Ti Kristẹni tí ó yìnbọn pa ẹran, Imām Mālik kò fara mọ́ ọn bí ó tilẹ̀ gba èyí tí wọ́n dúńbú; ọ̀pọ̀ onímọ̀ mìíràn gba méjèèjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ sinmi nínú iyèméjì, kí ó rà á láàyè, kí ó sì dúńbú rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan kí á tó dúró. Imām Mālik kórìíra ọdẹ tí a fi ṣeré. Ẹran aginjù kan wà tí wọ́n ń pè ní oryx, funfun, oníwo gígùn bí idà, tí ó kún Sàhárà nígbà kan rí. Wọ́n fi ọkọ̀ àti ìbọn lé e títí, nígbà tí ó sì di ọdún 2000, wọ́n kéde pé kò sí èyíkéyìí mọ́ nínú igbó. Láti inú ọgbà ni wọ́n ti mú un padà sí ilẹ̀ Chad ní ọdún 2016. Àwọn àgbà wa tí wọ́n jókòó ní iwájú yìí rántí ìgbà tí ẹtu ń wá mu omi nítòsí ilé ní Ọ̀tan-Ilé. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì ń rí i.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti padà sí igbó, ọ̀bẹ rẹ̀ sì wà ní ìbàdí rẹ̀. Ní ọ̀la, Sátidé, lẹ́yìn ìrun Asri, a ó kọ́ àwọn ọdẹ àti àwọn tí ń dẹ pańpẹ́ bí a ti ń dúńbú ẹran, ní ẹ̀yìn mọ́sálásí. Kí oníkálukú mú ọ̀bẹ tirẹ̀ wá. Òkúta ìpọ́nbẹ yóò wà níbẹ̀.