Gbogbo Aláǹgbá Ló Dakùn Délẹ̀

Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tó bá ti gba títì Kútọnu sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) kọjá ní orílẹ̀-èdè Benin, tó sì wo àwọn pápá tí wọ́n ń to ọkọ̀ tòkunbọ̀ sí ní agbègbè Sèmè-Kpodji, yóò mọ ìdí tí mo fi mú òwe yìí ṣíwájú. Ọkọ̀ tò lọ rẹrẹẹrẹ lórí iyanrìn. Wọ́n ti fọ̀ wọ́n, wọ́n ti fi nǹkan dán táyà wọn, gíláàsì wọn ń kọ mànà nínú oòrùn. Èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì le koko àti èyí tí yóò dákú kí oṣù mẹ́ta tó pé, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n dúró sí.

Wọ́n ti rìn jìnnà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ìlú Brussels ní Bẹ́ljíọ̀mù, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Heyvaert, níbi tí àwọn oníṣòwò, tí àwọn ará Lẹ́bánónì pọ̀ nínú wọn, ti ń kó ọkọ̀ àlòkù jọ láti ọjọ́ pípẹ́. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ sí èbúté Antwerp, ó di Kútọnu. Òmíràn wá láti Jámánì, òmíràn láti Amẹ́ríkà. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ ọ́ lọ́dún 2020 pé láàárín 2015 sí 2018, ọkọ̀ àlòkù kéékèèké mílíọ̀nù 14 ló kúrò ní Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, àti pé Áfíríkà ló gba ìdá 40 nínú 100 wọn. Lọ́dún 2020 kan náà, àwọn tí ń yẹ ọkọ̀ wò fún ìjọba Nẹ́dálándì rí i pé ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń kó bọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti tó ọmọ ọdún 16 sí 20.

Ìwé wọn kì í bá wọn dé. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, láti ọdún 2006 ni òfin ti ní kí ẹni tó bá ń ta àlòkù ọkọ̀ fún ará ìlú fún un ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Car-Pass, tí iye kìlómítà ọkọ̀ náà láti ọdún dé ọdún wà nínú rẹ̀. Èyí tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi bọ̀ níhìn-ín, ẹ máa wá Car-Pass rẹ̀ tì ni. Ìtàn mìíràn tún kún un. Nàìjíríà ni púpọ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyí ń lọ, àmọ́ láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ibẹ̀ ti fòfin de gbígbé ọkọ̀ wọlé gba orí ilẹ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ tí kò bá tètè rí olówó, orí iyanrìn ni yóò wà. Afẹ́fẹ́ òkun tó ní iyọ̀ nínú á máa fẹ́ sí i, bátìrì á kú, irin bíréékì á dípẹtà, táyà á sán. Kò sí ẹni tó ń kọ oṣù wọ̀nyẹn sílẹ̀ fún ẹni tí yóò rà á.

Nígbà tí mo ra tèmi, kìlómítà 118,000 ló wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹni tó tà á fún mi búra sí i. Bàbá mẹkáníìkì wa ní Àjàṣẹ́ kò bá mi jiyàn. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì, ó ti ìka méjì bọ abẹ́ wáyà, ó sì fa páálí pélébé kan jáde tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú. Èdè Jámánì ni wọ́n fi kọ ọ́: ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, àti kìlómítà ọjọ́ náà. 201,400. Ó nu páálí náà mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Ọmọ mi, ọjọ́ orí rẹ̀ gan-an nìyí.” Ó wá ní kí n wo rọ́bà orí pẹ́dà bíréékì. Ó ti jẹ dé irin. Ọwọ́ lè yí nọ́ńbà ojú dáṣíbọ́ọ̀dù padà, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí rọ́bà abẹ́ ẹsẹ̀?

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọkọ̀ tí a kò wá mọ ilé rẹ̀ ńkọ́? Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé kí a kà á sí pé ẹnikẹ́ni kò tọ́jú rẹ̀ rí, kí ọjọ́ tí a rà á sì jẹ́ ọjọ́ ìkómọ rẹ̀. Bí ẹni tó tà á bá ní, “A ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ni,” ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì lọ pààrọ̀ ọ́ìlì. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ pé ohun tí kò bá tíì bàjẹ́, kí a má fọwọ́ kàn án. N kò gbà pẹ̀lú wọn. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú.

Ohun tó lè pa ènìyàn ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó, kí ẹ tó kan ohun tó lè pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n wo bíréékì. Lára táyà, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin kan: bó bá jẹ́ 2314, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, bó ti wù kó máa dán tó, ẹ má gbé ọmọ yín lé e. Ẹ da ọ́ìlì bíréékì àtijọ́ nù, kí ẹ rọ tuntun, kí ẹ sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún méjì-méjì. Ọ́ìlì yẹn a máa fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Bí omi bá pọ̀ nínú rẹ̀, tí bíréékì sì gbóná, omi á hó, ẹ ó tẹ pẹ́dà, yóò rì wọlẹ̀, ọkọ̀ kò sì ní dúró.

Lẹ́yìn ìyẹn ni táímìn bẹ́líìtì, tí àwọn ará ibí ń pè ní courroie. Rọ́bà ni, inú ẹ́ńjìnnì ló sápamọ́ sí, kì í sì í pariwo kó tó já. Àbúrò mi ní òun yóò pààrọ̀ tirẹ̀ bí owó bá dé. Ìlú Ekpè ló ti já mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ Sátidé kan: fáàfù lu písítìn, ó wọ́, iṣẹ́ tí ì bá parí láàárọ̀ ọjọ́ kan wá di ríra odidi ẹ́ńjìnnì. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bí ẹ kò bá rí ìwé tó sọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn róólà rẹ̀, àti pọ́ǹpù omi bó bá jẹ́ bẹ́líìtì yẹn kan náà ló ń yí i. Ẹ́ńjìnnì tó ń lo ṣéènì ní tirẹ̀, ẹ tẹ́tí sí i láàárọ̀ kùtù bó ṣe ń ta.

Àṣà kan wà níbí tó ń bà mí nínú jẹ́. Bí ọkọ̀ bá ti ń gbóná, wọ́n á yọ tẹ́míọ́sítáàtì sọnù, wọ́n á sì máa rọ omi ẹ̀rọ sínú rédíétọ̀. Omi lásán ń mú irin dípẹtà láti inú, ó sì tètè ń hó. Ẹ fọ rédíétọ̀ náà mọ́, kí ẹ rọ omi rédíétọ̀ gidi sí i.

Ọ́ìlì ọjọ́ ìkómọ, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Yóò fọ ìdọ̀tí ọdún pípẹ́ wá sílẹ̀, nítorí náà ẹ dà á nù lẹ́yìn kìlómítà 2,000, ẹ pààrọ̀ fílítà, kí ẹ tó wá máa ka 5,000-5,000. Ẹni tó bá sì ń ra kpayo, ìyẹn epo fàyàwọ́, nínú ìgò lẹ́bàá títì, kó máa tètè pààrọ̀ fílítà epo, torí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ jálá. Àmọ́ ẹ má tọ́jú u sínú búùtù láé. Iná kpayo tó jó ní Sèmè-Kpodji lọ́jọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 pa ènìyàn tó lé ní 30.

Gbogbo èyí ń gba owó, òun ló sì fà á tí ọ̀pọ̀ kì í fi í ṣe é. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù: ẹni tó ní mílíọ̀nù 3 sẹ́fà, kó má ra ọkọ̀ mílíọ̀nù 3. Ọkọ̀ mílíọ̀nù 2 àbọ̀ ni kó wá, kó fi ìyókù ṣe ìkómọ rẹ̀. Kó sì ní ìwé kékeré kan, irú èyí tí ọmọ ilé ìwé ń lò, tí yóò máa kọ ọjọ́, kìlómítà àti ohun tí wọ́n ṣe sí. Tèmi wà nínú ọkọ̀ mi. Páálí dúdú ọjọ́sí ni mo lẹ̀ mọ́ ojú ewé àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ ra ọkọ̀ ní Sèmè-Kpodji, mo bẹ̀ yín, ẹ mú mẹkáníìkì yín dání, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì ti ra ìwé náà kí ẹ tó ra ọkọ̀.