Nígbà tí rẹ̀sítọ̀ ò bá ìwé mu

Ìbéèrè: Mo ra oscilloscope Tektronix àtijọ́ kan. Kàpásítọ̀ 0.05 µF ni ìwé rẹ̀ ní kí n lò, 0.047 ni mo rí rà. Rẹ̀sítọ̀ tí ìwé pè ní 100 kΩ sì ń ka 128 kΩ. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó. Ẹ má tíì yọ nǹkan kan. Ẹ wo nọ́ńbà ara ẹ̀rọ yín, kí ẹ fi wé ìwé. Tektronix máa ń pààrọ̀ ẹ̀yà bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀rọ lọ, ìwé wọn sì máa ń sọ nọ́ńbà tí ìyípadà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe ẹ̀rọ yín ni kò fi bá ìwé mu.

0.047 kò burú. Ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ló fi dín, kàpásítọ̀ ìgbà yẹn fúnra rẹ̀ sì lè fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Vólítì rẹ̀ ni kò gbọdọ̀ kéré sí ti àtijọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ ibi tí ẹ̀rọ ti ń ka àkókò ni, ẹ wá èyí tó péye gan-an.

Rẹ̀sítọ̀ yẹn ló ń kọ mí lóminú. Tó bá jẹ́ oníkábọ̀n, ọ̀rinrin máa ń mú kí iye rẹ̀ ga sókè bó ṣe ń gbó. Ẹ pa iná, kí ẹ rọra fa iná inú àwọn kàpásítọ̀ ńlá tán, torí ó lè pa èèyàn. Ẹ wá tú ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, kí ẹ tún un wọ̀n. Tó bá ṣì ń ka 128, tí ìwé sì sọ pé 100 ló yẹ nọ́ńbà ẹ̀rọ yín, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.