Ṣé kí n máa dá jọ́sìn nílé?

Ìbéèrè: Abúlé Òkúta ni mò ń gbé. Mo sọ àṣírí ilé mi fún arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, gbogbo ẹgbẹ́ ti gbọ́. Ṣé kò sàn kí n máa gbọ́ ìwàásù lórí fóònù?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, arábìnrin mi. Ohun tí arábìnrin yẹn ṣe dunni gan-an. Ẹ kọ́kọ́ bá a sọ ọ́ lójúkojú, bí Mátíù orí 18 ṣe là á sílẹ̀. Ẹ dárí jì í, ṣùgbọ́n ẹ má tíì fi àṣírí mìíràn lé e lọ́wọ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì tí èèyàn inú rẹ̀ kò ní àléébù, ẹ ò ní rí i láti Bárígà dé Ṣómólú. Mósè Orímọládé àti Abíọ́dún Akínsọ̀wọ́n dá Ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ l'Ékòó ní 1925. Aláàdúrà gidi ni wọ́n. Síbẹ̀, ní 1929, àárín wọn dàrú, wọ́n pínyà. Ìjà náà dun ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ àwọn ọmọ ìjọ ò torí ẹ̀ jókòó sílé. Títí dòní ni wọ́n ṣì ń péjọ. Nínú Bíbélì, Pọ́ọ̀lù náà kọ̀ láti mú Máàkù dání nígbà kan. Ìgbẹ̀yìn, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n mú un wá.

Fóònù ò lè bá yín gbé ọmọ lọ sí ọsibítù lóru. Ẹ padà sí ẹgbẹ́ yín lọ́sẹ̀ yìí. Bó bá ṣòro, ẹ jókòó lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ lọ.